Fáìlì Tó Yọ̀ Lọ́wọ́ Mẹkáníìkì: Àkọsílẹ̀ Jàǹbá Tó Gbé John Muir Wọ Igbó

Bẹ́líìtì awọ kan ló ń tú lọ́jọ́ náà. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ọdún 1867 ni, nílùú Indianapolis ní Amẹ́ríkà, ní ilé iṣẹ́ Osgood, Smith & Co., níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹṣin àti àwọn ẹ̀yà rẹ̀ mìíràn. Ẹni tó ń tú u ni John Muir, ọmọ Scotland, ẹni ọdún 28, mẹkáníìkì tí àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ti ń wò pé yóò di alábàáṣe àwọn lọ́jọ́ kan.

Láyé ìgbà yẹn, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló ń fún gbogbo ẹ̀rọ inú ilé iṣẹ́ lágbára. Ẹ́ńjìnnì náà á máa yí ọ̀pá irin gígùn kan tó gba abẹ́ òrùlé kọjá láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Púlì wà lára ọ̀pá yẹn, bẹ́líìtì awọ á sì sọ̀ kalẹ̀ láti orí púlì kọ̀ọ̀kan wá sórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Awọ sì rèé, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló ń nà. Bẹ́líìtì tó bá ti nà kì í di púlì mú dáadáa mọ́, á máa yọ̀, agbára á sì máa ṣòfò. Wọ́n á wá tú okùn awọ tí wọ́n fi rán orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀, wọ́n á gé díẹ̀ kúrò, wọ́n á tún un rán. Iṣẹ́ kékeré ni, irú èyí tí ọwọ́ tó mọṣẹ́ máa ń ṣe láìronú.

Okùn náà le. Muir mú fáìlì kan tí wọ́n fi ń ha irin, ó fi ìrù rẹ̀, ibi ṣóńṣó tó yẹ kó wà nínú èèkù, tú kókó okùn náà. Fáìlì yọ̀, ìrù rẹ̀ ta sókè, ó gún un ní ojú ọ̀tún, létí awọ dídán tó bo iwájú ẹyin ojú. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gba ojú náà. Nígbà tó ṣí ọwọ́, omi inú ojú ti dà síbẹ̀. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ pé ojú ọ̀tún òun ti lọ, ó ti pa dé mọ́ gbogbo ẹwà tí Ọlọ́run dá. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ilé tó ń gbé. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ojú òsì, tí ohunkóhun kò kàn, bẹ̀rẹ̀ sí í bá èkejì rẹ̀ kẹ́dùn, tí òun náà ṣókùnkùn. Mẹkáníìkì tó jí ní ọjọ́ náà pẹ̀lú ojú méjì tó mú bí abẹ́ wá dùbúlẹ̀ nírọ̀lẹ́ láìrí nǹkan kan.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ orúkọ John Muir lónìí mọ̀ ọ́n sí baba onírùngbọ̀n gígùn tó ń gun òkè ní California, ẹni tó bá ààrẹ Amẹ́ríkà sun inú igbó, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ igbó àti ojú ọ̀nà òkè. Ó máa ń dùn mí pé ìdajì ọkùnrin náà ni wọ́n ń rántí. Mẹkáníìkì ni kó tó di ará igbó, ọgbọ́n mẹkáníìkì ló sì fi ka òkè nígbà tó débẹ̀. Jàǹbá ọjọ́ yẹn ni oríta tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ tú u palẹ̀ bí òun náà ṣe tú bẹ́líìtì.

Dunbar, ìlú kan létí òkun ní Scotland, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 1838. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1849, kò tíì pé ọmọ ọdún 11, Daniel Muir bàbá rẹ̀ sọ lálẹ́ ọjọ́ kan pé kí àwọn ọmọ gbé ìwé sílẹ̀, Amẹ́ríkà ni àwọn ń lọ bílẹ̀ bá mọ́. Bàbá mú mẹ́ta nínú wọn lọ ṣáájú. Ìyá àti àwọn tó kù dé nígbà tí ilé ti dúró. Inú igbó Wisconsin ni wọ́n tẹ̀dó sí. Ọmọ náà ò tíì ga tó ohun ìtúlẹ̀ dáadáa tó fi di ẹni tí ń túlẹ̀ lẹ́yìn ẹran. Àmọ́ ó sọ nígbà tó dàgbà pé adágún omi tó wà nítòsí oko yẹn, àwọn ẹyẹ rẹ̀, àwọn òdòdó rẹ̀, ló kọ́kọ́ sọ òun di olólùfẹ́ ohun tí a kò fi ọwọ́ ènìyàn ṣe.

Bàbá náà le, ẹ̀sìn rẹ̀ sì gbóná. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí oko kejì tí wọ́n ń pè ní Hickory Hill, omi kò sí nítòsí, John ni wọ́n sì ní kó gbẹ́ kànga. Òkúta ló wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì ló fi gbẹ́ ẹ, òun nìkan, nínú ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3, láti àárọ̀ dalẹ́, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà tó dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 80, afẹ́fẹ́ olóró kóra jọ sísàlẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láàárọ̀, orí rẹ̀ yí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dákú lọ. Bàbá kò gbọ́ ìró òòlù mọ́, ó figbe bọnu pé kó wọ inú korobá. Ó wọ̀ ọ́, wọ́n sì fà á jáde. Ká ní kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí ni, ibẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ ì bá parí sí. Aládùúgbò kan tó mọ iṣẹ́ òkúta ló wá kọ́ wọn pé kí wọ́n máa da omi sísàlẹ̀, kí wọ́n sì máa fi okùn gbé ìdì koríko sókè sódò láti ro afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kí ènìyàn tó wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ní ẹsẹ̀ bàtà 90, omi sun.

Mo mọ̀ pé bí ayé ṣe rí nígbà yẹn nìyẹn, síbẹ̀ mi ò lè ka ibẹ̀ kí inú má bí mi sí bàbá rẹ̀.

Bàbá yìí kan náà ló gbà pé bí ọmọ bá fẹ́ kàwé, kó jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ náà wá ń jí ní aago kan òru. Òtútù kò jẹ́ kó ṣeé jókòó kàwé, iná dídá sì máa jẹ igi, ló bá wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀, ó ń fi ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là ṣe ẹ̀rọ. Irinṣẹ́ tí kò bá ní, ó ń ṣe é. Ayùn wẹ́wẹ́ rẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe aṣọ ìfúnnú obìnrin ló yọ tó fi pọ́n eyín sí i. Ó ṣe sọ́míìlì kékeré tó ń sún igi síwájú ayùn fúnra rẹ̀. Ó gbẹ́ aago látinú igi, gbogbo eyín rẹ̀ pátá, pẹ̀lú ọ̀bẹ. Ìwé ló ti kà nípa òfin tí ohun tó ń fì sọ́tùn-ún sósì ń tẹ̀ lé. Aago náà ń lù, ó ń sọ ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀ àti ti inú oṣù. Ó so aago mọ́ ibùsùn, tó fi jẹ́ pé bí àkókò tó dá bá tó, ìdí ibùsùn á wọlẹ̀, ẹni tó sùn á bá ara rẹ̀ lórí ìdúró.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo rẹ̀ ni èyí tó ṣe láti máa wọn ooru àti òtútù. Ọ̀pá irin kan ló mú lára ọkọ̀ ẹrù oko wọn, gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3. Gbogbo wa la mọ̀ pé irin ń gùn díẹ̀ nínú ooru, ó sì ń súnkì nínú òtútù, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tí ojú kò lè rí ni. Ó wá to àwọn irin pẹlẹbẹ tẹ̀ lé ara wọn, ọ̀kan ń ti èkejì, kí ìyípadà kékeré yẹn lè máa pọ̀ sí i bó ṣe ń lọ, títí tó fi di ìlọ́po bí 32,000 kó tó dé ọwọ́ tó ń tọ́ka sí nọ́ńbà. Bí ènìyàn bá kàn sún mọ́ ọn, ooru ara onítọ̀hún tó láti mú ọwọ́ náà gbéra. Ọmọ oko kan ló ṣe èyí, tí kò sí lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ní 1860, aládùúgbò kan ní kó kó àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ lọ síbi ìpàtẹ ìjọba ìpínlẹ̀ ní Madison. Èrò wọ́ tì í. Ibẹ̀ ni Jeanne Carr, ìyàwó ọ̀jọ̀gbọ́n kan, ti rí iṣẹ́ rẹ̀, obìnrin náà sì di ẹni tí yóò máa kọ lẹ́tà sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún. Muir wọ yunifásítì Wisconsin ní 1861, ó lo nǹkan bí ọdún méjì àbọ̀ níbẹ̀. Ó ṣe tábìlì ìkàwé kan tó ń ti ìwé sókè, tó ń ṣí i, tó sì ń gbé e lọ bí àkókò ìwé náà bá pé kí òmíràn lè bọ́ síbẹ̀. Tábìlì yẹn wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ohun ìtàn ní Madison títí di òní. Nínú ọgbà yunifásítì yẹn kan náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Milton Griswold, ti já òdòdó lára igi ńlá kan níwájú ilé North Hall, tó fi hàn án pé bí òdòdó náà ṣe rí gẹ́lẹ́ ni ti erèé ṣe rí. Igi tó ga ju ilé lọ àti erèé tó ń fà nílẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sáré wọ igbó láti wo ewéko. Mo rò pé ohun tó mú un ni pé ó rí i pé ewéko náà ní ètò, bí ẹ̀rọ ṣe ní ètò.

Ní 1864, ó kọjá sí Kánádà, ó ń rìn káàkiri irà àti igbó. Ó rí òdòdó Calypso kan ṣoṣo nínú irà lọ́jọ́ kan tí ó ti rẹ̀ ẹ́, ó jókòó tì í, ó sunkún ayọ̀. Lẹ́yìn náà ó gba iṣẹ́ ní ilé ẹ̀rọ igi nítòsí Meaford, ní Ontario, níbi tí wọ́n ti ń ṣe igi ìgbálẹ̀ àti ohun ìkókoríko. Ó tún ẹ̀rọ ibẹ̀ ṣe tí iṣẹ́ fi ń jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Ní 1866, iná jó ilé iṣẹ́ náà di eérú, ọ̀pọ̀ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀ sì bá a lọ. Kò fi òfin dáàbò bo èyíkéyìí nínú àwọn ohun tó ṣe láyé rẹ̀ kó lè máa pa owó lórí rẹ̀. Ó gbà pé gbogbo ènìyàn ló ni wọ́n.

Ó yan Indianapolis nítorí nǹkan méjì tó wà níbẹ̀: ilé iṣẹ́ pọ̀, igbó igi ńlá sì yí i ká. Ọkùnrin náà kò tíì mọ èwo ni òun fẹ́, ìlú tó ní méjèèjì ló wá. Láàárín oṣù díẹ̀ ó ti tún ẹ̀rọ wọn ṣe, wọ́n sì ní kó kọ ìròyìn nípa bí gbogbo ilé iṣẹ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó yàwòrán, ó fi hàn wọ́n bí agbára òṣìṣẹ́ ṣe ń lọ sílẹ̀ bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ, ó sì tọ́ka sí ibi tí bẹ́líìtì ti ń fi agbára ṣòfò. Bẹ́líìtì yẹn náà ló ń tún ṣe tí jàǹbá fi ṣẹlẹ̀.

Dókítà tó kọ́kọ́ wò ó kò fún un nírètí kankan. Yàrá tí wọ́n fi aṣọ dí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló wà fún bí oṣù kan. Ó ti pẹ́ tó ti ń rò ó láti lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà, láti wo igbó Amazon. Nínú òkùnkùn yẹn, ohun tó ń pa á lẹ́kún ni igbó tí kò ní rí, kì í ṣe iṣẹ́ tó lè bọ́. Lẹ́tà ń wá láti ọ̀dọ̀ Jeanne Carr. Àwọn ọmọdé tó ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ń wá jókòó tì í, ó ń pa ìtàn fún wọn. Catharine Merrill, olùkọ́ obìnrin kan nílùú náà, ló gbé dókítà ojú mìíràn wá. Èyí wò ó dáadáa, ó ní ojú ọ̀tún yóò tún ríran, bí kò tilẹ̀ ní rí bíi ti tẹ́lẹ̀, àti pé ti òsì yóò padà bọ̀ sípò.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ó lè dà bí iṣẹ́ ìyanu. Omi inú ẹyin ojú jẹ́ oríṣi méjì. Ti ẹ̀yìn ki, ó ń fà. Bó bá dà nù, ara kì í ṣe òmíràn. Ti iwájú, tó wà lẹ́yìn awọ dídán, ń ṣàn bí omi lásán, ara ò sì yéé pèsè rẹ̀: òmíràn ń wọlé bí ti àtijọ́ ṣe ń jáde, tọ̀sán-tòru. Ti iwájú yìí ló dà sí Muir lọ́wọ́. Bí ojú ọgbẹ́ bá ti lè pa dé láìdìbàjẹ́, ojú á tún kún. Etí awọ dídán ni fáìlì náà bá, kò gba àárín rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ìdúró jẹ́ẹ́ nínú òkùnkùn sì fún ojú náà láyè láti jiná. Ká ní ó wọlé jìn díẹ̀ sí i ni, ìtàn mìíràn là bá máa sọ.

Ní oṣù Kẹrin ó jáde, ó rọra rìn lọ sínú igbó. Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ní kó padà wá, wọ́n fẹ́ fi ṣe olórí, wọ́n sì nawọ́ ìpín nínú òwò náà sí i. Ó kọ̀ ọ́. Ó kọ sílẹ̀ nígbà tó yá pé òun dágbére fún ẹ̀rọ tí ènìyàn ń ṣe, kí òun lè fi ìyókù ayé òun kọ́ nípa àwọn ohun tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ṣe.

Mo gba gbólóhùn yẹn gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, àmọ́ mi ò gbà pé ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1867, ó gbéra ní Louisville, ní Kentucky, ó forí lé gúúsù. Nǹkan bí 1,000 máìlì ni. Àpò kékeré kan, ìwé ewì Burns, akéwì Scotland, Bíbélì Májẹ̀mú Tuntun kékeré, ìwé ti akéwì John Milton, ohun tí wọ́n fi ń tẹ ewéko gbẹ, ìyẹn ló kó. Sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń kọ àdírẹ́sì, ó kọ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú pé inú ayé yìí lápapọ̀ ni òun ń gbé. Ní orí òkè kan ní Tennessee, alágbẹ̀dẹ kan gbà á lálejò, ó sì bi í pẹ̀lú ìyanu pé báwo ni ọkùnrin tó lágbára báyìí ṣe lè máa já òdòdó kiri nígbà tí iṣẹ́ gidi wà nílẹ̀. Ó bi alágbẹ̀dẹ náà bóyá ó gba Bíbélì gbọ́. Nígbà tó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó rán an létí pé Sólómọ́nì ọlọgbọ́n kọ́ nípa ewéko, láti orí igi kédárì dé orí hísópù tó ń hù lára ògiri. Oníṣẹ́ irin méjì ló jókòó síbi oúnjẹ yẹn, alágbẹ̀dẹ náà ò sì mọ̀ bí ọwọ́ àlejò òun ti jáfáfá tó lórí irin.

Ìrìn yìí ní ohun tí èmi tí mo jẹ́ aláwọ̀ dúdú kò lè fò dá. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní ọdún méjì ṣáájú ni, àwọn ènìyàn dúdú tó pàdé lójú ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú. Wọ́n fún un lómi mu, wọ́n júwe ọ̀nà fún un. Àwọn nǹkan tó kọ nípa wọn, àti nípa àwọn ọmọ onílẹ̀ California nígbà tó débẹ̀, ní ẹ̀gàn nínú. Ojú tó lè rí ìbátan láàárín igi àti erèé kò rí ìbátan tó wà láàárín òun àti wọn nígbà náà. Ní oṣù Keje ọdún 2020, Sierra Club, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo igbó àti òkè, tí òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 1892, jáde sọ ọ́ ní gbangba pé ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn burú, wọ́n sì tọrọ àforíjì lórí ìtàn ẹgbẹ́ náà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Ahwahneechee, tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílẹ̀, ń gbé àfonífojì Yosemite ní California kí àwọn ọmọ ogun tó lé wọn ní 1851. Ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní èyí tí ọwọ́ ènìyàn kò tíì kàn ti ní olúwa rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà, mo sì fi èyí sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Ó dé Cedar Key, ní Florida, ní oṣù Kẹwàá. Owó ti tán, ọkọ̀ ojú omi kò sì tíì dé. Sọ́míìlì kan wà níbẹ̀, ti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hodgson. Ta ni yóò gba àjèjì elérùpẹ̀ lẹ́sẹ̀ síṣẹ́? Àmọ́ àjèjì náà mọ ẹ̀rọ. Púlì kan ń fún wọn ní wàhálà, ó gbà láti fi ìbòrí awọ sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ibà ló gbé e ṣubú. Ìdílé Hodgson ló tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àìsàn yẹn ló sì já ìrìn Amazon gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọjá sí Cuba, láti ibẹ̀ sí New York, ó wọ ọkọ̀ gba Panama, ó sì gúnlẹ̀ sí San Francisco ní òpin oṣù Kẹta ọdún 1868. Ọdún kan lẹ́yìn jàǹbá ni.

Nígbà tó wọ Yosemite pátápátá, iṣẹ́ wo ló gbà? Sọ́míìlì. James Hutchings, tó ní ilé àlejò nínú àfonífojì náà, ló gbé e fún un, Muir sì ń fi agbára omi la igi tí ìjì ti wó lulẹ̀. Ó kọ́ ilé kékeré kan fún ara rẹ̀, ó sì la ojú omi kékeré gba inú ilé náà kó lè máa gbọ́ ohùn omi bó bá dùbúlẹ̀. Nígbà tí Joseph LeConte, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ òkúta ní yunifásítì California, wá pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní 1870, aṣọ ìlagi ló wà lọ́rùn Muir nígbà tó ń ṣàlàyé fún un pé yìnyín ló gbẹ́ àfonífojì náà.

Josiah Whitney, olórí àwọn tó ń yẹ ilẹ̀ California wò fún ìjọba, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ńṣe ni ilẹ̀ ibẹ̀ rì lójijì. Ó fi Muir ṣe yẹ̀yẹ́, ó pè é ní darandaran. Bí Muir ṣe dá a lóhùn ni mo fi sọ pé mẹkáníìkì kò kú. Kò bá a jiyàn lórí ìwé nìkan. Ó gun òkè lọ wá odò yìnyín, ìyẹn yìnyín ńlá tó ń rọra rìn sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, tó ṣì wà láàyè, ó rí ọ̀kan ní 1871. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1872, ó ri igi mọ́lẹ̀ sínú odò yìnyín kan tó ń jẹ́ Maclure ní ìlà gbọọrọ láti etí kan lọ sí èkejì, ó sì padà lọ wò wọ́n ní oṣù Kẹwàá. Ìlà náà ti tẹ̀ bí ọrun. Igi tó wà ní àárín ti rìn ní ínǹṣì 47 láàárín ọjọ́ 46. Èyí tó wà létí kò rìn tó bẹ́ẹ̀.

Ínǹṣì kan lóòjọ́. Kò sí ojú tó lè rí i bí ó ṣe ń lọ, àfi ẹni tó ti kọ́ láti ìgbà èwe bí a ṣe ń mú ìṣípòpadà tí ojú kò rí jáde sí gbangba. Ọmọ tó sọ ìgùn irin di ìlọ́po 32,000 nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ló dúró lórí yìnyín yẹn. Ohun tó rí ni ẹ̀rọ ńlá kan tó ń rọra ṣiṣẹ́, tó ń ha òkúta bí fáìlì ṣe ń ha irin, tó sì ń gbé ìdọ̀tí iṣẹ́ rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Nǹkan bẹ́ẹ̀ kò rú u lójú. Òótọ́ ni pé yìnyín kọ́ ló ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe rò nígbà náà, omi ti gbẹ́ àfonífojì kí yìnyín tó dé, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ pàtàkì ibẹ̀, òun ló gba ti òtítọ́ ju Whitney lọ.

Ohun tó kù, àwọn ẹlòmíràn ti sọ ọ́ dáadáa: bó ṣe gun igi kan ní oṣù Kejìlá ọdún 1874 láàárín ìjì kó lè mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń rí lára igi, bó ṣe fẹ́ Louisa Strentzel ní 1880, bí àpilẹ̀kọ rẹ̀ ṣe ràn án lọ́wọ́ tí Yosemite fi di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní 1890, bí òun àti ààrẹ Theodore Roosevelt ṣe sùn síta fún òru mẹ́ta ní oṣù Karùn-ún ọdún 1903. Ó jà kí wọ́n má sé odò bo àfonífojì Hetch Hetchy mọ́lẹ̀, wọ́n borí rẹ̀ ní 1913. Ó kú ní Los Angeles ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1914, ẹni ọdún 76.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣì wà nílẹ̀ láti inú yàrá òkùnkùn ọdún 1867. Ní 1911, ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì ti dàgbà, òun náà sì ti di ẹni ọdún 73. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi, òun nìkan, ó lọ sí Amazon. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ó kọjá sí Áfíríkà. Ní oṣù Kínní ọdún 1912, nítòsí ibi tí odò Zambezi ti ń dà sílẹ̀ ní Victoria Falls, ó dúró níwájú igi osè, ó ń wò ó láti gbòǹgbò dé orí, ó ń wọn ìbú rẹ̀, ó ń yà á sínú ìwé. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé nínú gbogbo ọjọ́ tí òun ti fi wo igi láyé, ọjọ́ náà wà lára èyí tó dára jù. Ojú ọ̀tún tí fáìlì gún wà lára ojú méjì tó fi wò ó.